Ilé Iná Etí Òkun Níwájú Kámẹ́rà

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí kíláàsì mi nígbà kan rí á rántí ìbéèrè tí mo máa ń kọ sójú pátákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́: kí ni ẹlẹ́rìí yìí fojú ara rẹ̀ rí, kí sì ni ó kàn ń sọ? Ìwé àṣẹ ọba, lẹ́tà àwọn òyìnbó ajíhìnrere, owó ẹyọ, òkúta orí sàréè, gbogbo wọn la bi ní ìbéèrè yẹn. Fíìmù ni mo fẹ́ bi lónìí. Irú ilé kan sì wà tí àwọn onífíìmù fẹ́ràn gan-an, òun ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ: ilé iná etí òkun.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ ilé ìdáná o. Ilé gogoro tí wọ́n máa ń kọ́ sórí àpáta tàbí sẹ́nu ọ̀nà èbúté ni mò ń wí, èyí tí àtùpà ńlá máa ń tàn lókè rẹ̀ lóru kí àwọn atukọ̀ lè mọ ibi tí ilẹ̀ wà àti ibi tí àpáta fara pamọ́ sí. Iná àtùpà lásán kì í lọ jìnnà, ńṣe ló máa ń fọ́n káàkiri. Augustin Fresnel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló to gíláàsì gbígbẹ́ yí àtùpà ká lọ́nà tí gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́ ṣòfò fi ń kóra jọ lọ sí ọ̀kánkán òkun. Ní 1823 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ sínú ilé iná Cordouan, lẹ́nu odò Gironde. Láàárín ọdún díẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè tó ní ọkọ̀ òkun ló ń ra tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n gíláàsì kì í nu ara rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa da epo, kó máa gé òwú àtùpà, kó máa wá ẹ̀rọ tó ń yí gíláàsì náà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wá agogo ògiri, kó sì máa nu èéfín kúrò láàárọ̀. Àwọn yìí ni olùtọ́jú iná. Àwọn kan nínú wọn ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, àwọn mìíràn wà lórí àpáta tí ọkọ̀ kì í lè dé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí òkun bá ń bínú. Iná mànàmáná àti ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ ló rán wọn lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rúndún ogún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, North Foreland ni olùtọ́jú ti jáde kẹ́yìn, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1998.

Nígbà tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kámẹ́rà ti ń yà lọ́dọ̀ wọn. Fún Finis Terrae, fíìmù ọdún 1929, Jean Epstein gbé tirẹ̀ lọ sí erékùṣù Ouessant àti Bannec ní ìwọ̀ oòrùn Faransé, ó sì fi àwọn ará erékùṣù fúnra wọn ṣe òṣèré nínú rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Jean Grémillon ṣe Gardiens de phare, tó dá lórí bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ nínú ilé iná. Ẹ máa fi ọdún yẹn sọ́kàn, nítorí àwọn fíìmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn gan-an, lẹ́yìn tí àwọn olùtọ́jú ti palẹ̀ mọ́ ni wọ́n ṣe wọ́n. Ilé ti ṣófo, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ ìjọba tàbí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àdúgbò, onífíìmù wá ń béèrè bóyá òun lè yá a lò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé California. Ilé iná Point Reyes wà lórí ilẹ̀ kan tó yọ ṣóńṣó sínú òkun Pàsífíìkì, ní àríwá San Francisco. Kùrukùru ibẹ̀ kì í ṣe eré. Bẹ́ẹ̀ kùrukùru ọ̀hún òkè ló máa ń gbé, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi kọ́ ilé náà sórí òkè téńté bí ẹnikẹ́ni ì bá ti rò. Wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ àpáta, wọ́n gbé ilé náà wálẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba abẹ́ kùrukùru kọjá. Kò ga, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 37 péré ni, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn téèyàn máa sọ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lé ní 300. Àti pé ẹni tó bá sọ̀ ọ́ á gùn ún padà! Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe gíláàsì rẹ̀ ní 1867, wọ́n tan iná rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1870, ó sì jó títí di 1975, ọdún tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1979, John Carpenter kó àwọn òṣèré rẹ̀ débẹ̀ láti ya The Fog, tó jáde ní 1980. Ìtàn iwin ni. Ìlú etí òkun kan ń ṣe ọdún ọgọ́rùn-ún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, kùrukùru ṣú, òkú sì ń jáde láti inú rẹ̀ wá gbẹ̀san. Kí ni wọ́n ṣe wọ́n? Àwọn baba ìsàlẹ̀ ìlú náà ló dá iná èké sí etíkun lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ tẹ̀ lé iná náà, ó forí sọ àpáta, wọ́n sì kó wúrà inú rẹ̀. Obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, tí Adrienne Barbeau ṣe, ló ń gbé inú ilé iná nínú fíìmù yìí. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ rédíò rẹ̀. Nígbà tí kùrukùru ń bọ̀, òun ló ń ké sí ará ìlú láti òkè pé ibi báyìí ló ń lọ, ẹ má gba ibẹ̀.

Mi ò rò pé Carpenter ń kọ ìtàn ilé iná. Ẹ̀rù ló fẹ́ fi bà wá. Síbẹ̀, ó mú ilé tí olùtọ́jú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó sì fi olùtọ́jú mìíràn síbẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí àtùpà ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni pé bí ẹ bá pa ohùn fíìmù náà, tí ẹ kàn ń wo àwòrán rẹ̀, ẹ óò rí obìnrin yẹn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn gígùn ọ̀hún, òkun lọ́tùn-ún lósì, ilé kékeré náà nísàlẹ̀ bí ẹyẹ tó bà sétí àpáta. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Point Reyes ṣe rí ní ọdún 1979 ní ẹlẹ́rìí. Iwin inú fíìmù náà kò jẹ́rìí sí nǹkan kan, àtẹ̀gùn ló jẹ́rìí.

Irú rẹ̀ náà ni ti Marshall Point, ní Port Clyde, ìpínlẹ̀ Maine, lódìkejì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ yín ti rí i láìmọ̀. Nínú Forrest Gump, fíìmù Robert Zemeckis ti ọdún 1994, nígbà tí Tom Hanks bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti etíkun kan dé èkejì láìnídìí, orí afárá onípákó tó lọ sí ilé iná funfun kékeré kan ló ti yí padà. Ilé iná náà nìyẹn. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Láti 1832 ni iná ti wà lórí àpáta yẹn, àwọn ará àdúgbò sì ti tún ilé olùtọ́jú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe, wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí Hanks tó wá sáré níbẹ̀. Àwọn àlejò ń wá, wọ́n ń sáré lórí afárá bíi tirẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò. Àwọn kan á wọ inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, wọ́n á kà nípa àwọn tó gbé ibẹ̀. Èmi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ilé tí ẹnì kan kò gbé mọ́ nílò ọ̀dà, ó nílò òrùlé, ọ̀dà àti òrùlé sì ń jẹ owó. Láti 2000 ni òfin ti wà ní Amẹ́ríkà pé kí ìjọba máa fi irú ilé wọ̀nyí ta ẹgbẹ́ àdúgbò tàbí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́rẹ bí wọ́n bá lè tọ́jú rẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá gbà, wọ́n á gbé e sí gbàǹjo. Ẹni tó gba irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ kò ní lé onífíìmù sẹ́yìn. Ẹ bi onílé ní Pópó Àgùdà l'Ékòó bó ṣe ń rí nígbà tí ilé àtijọ́ bá ń jò.

Ó wá kan àwọn tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ìtàn. Àwọn yìí gan-an ni wàhálà.

Robert Eggers fẹ́ ṣe fíìmù nípa olùtọ́jú iná méjì ní àwọn ọdún 1890, ní New England. Ó fẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bó ṣe rí nígbà náà: aṣọ, ọ̀rọ̀ ẹnu, ìṣó ara pákó. Ó lo fíìmù dúdú-àti-funfun tòótọ́, ojú àwòrán náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìgun mẹ́rin tó dọ́gba bíi ti sinimá àtijọ́. Ó wá ilé iná tó bá a mu, kò rí. Níkẹyìn ó lọ sí Cape Forchu, lẹ́bàá Yarmouth ní Nova Scotia, ilẹ̀ Kánádà. Ilé iná wà ní Cape Forchu dáadáa o. Láti 1840 ni iná ti ń jó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé onípákó àtijọ́ náà ti lọ. Ní 1962 ni wọ́n wó o tí wọ́n fi kọnkéré kọ́ òmíràn, tó sanra nísàlẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, tó tún fẹ̀ lókè, bíi ọkàn èso ápù tí ènìyàn ti jẹ ara rẹ̀ tán. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sí bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe lè wọ fíìmù ọdún 1890.

Báyìí ni àwọn oníṣẹ́ Eggers ṣe kọ́ ilé iná tuntun sórí àpáta kan náà, lẹ́bàá ti tòótọ́. Ilé gogoro ẹsẹ̀ bàtà 70, ilé gbígbé, ilé ìkẹ́rùsí, àti gíláàsì tí wọ́n fara wé ti Fresnel tó sì ń tàn ní tòótọ́. Ìjì òkun ibẹ̀ gbá a, kò wó. Willem Dafoe àti Robert Pattinson ṣeré nínú òjò àti afẹ́fẹ́ tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ ṣe é. Nígbà tí wọ́n yà á tán, wọ́n tú ilé náà palẹ̀. The Lighthouse jáde ní 2019. Ẹni tó bá wo fíìmù náà tó wá lọ sí Cape Forchu á bá àpáta, á bá òkun, á sì bá ọkàn ápù oníkọnkéré.

Disney ti ṣe irú rẹ̀ rí, ní California, fún Pete's Dragon ti 1977. Wọ́n kọ́ ilé iná sí Point Buchon, gíláàsì tí wọ́n gbé sí i sì ń tàn débi pé wọ́n ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà kí wọ́n tó tan án. Atukọ̀ tó wà lójú òkun lóru kò mọ̀ pé sinimá ni.

Ẹ wò ó bó ṣe yí po. Carpenter tí kò bìkítà nípa ìtàn ilé iná fi àwòrán ilé iná tòótọ́ sílẹ̀ fún wa. Eggers tó bìkítà títí dé orí ìṣó fi àwòrán ilé tí kò sí rí sílẹ̀. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i bá mú fíìmù méjèèjì wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, èyí tó jọ ìtàn jù ló máa ṣì í lọ́nà jù. Bẹ́ẹ̀ mi ò lè bá Eggers jà. Ohun kan wà tó ṣe tó tọ́, tí àwọn tí wọ́n wò ó kì í sáábà sọ.

Orísun ìtàn rẹ̀ wà ní Wales. Ní nǹkan bí ọdún 1801, lórí àpáta tí wọ́n ń pè ní Smalls, olùtọ́jú méjì ló wà nínú ilé iná náà, Thomas Howell àti Thomas Griffith. Wọn kì í gbọ́ra wọn yé, gbogbo èbúté ló mọ̀. Griffith kú. Howell kò gbọdọ̀ ju òkú sínú òkun, kí wọ́n má baà ní òun ló pa á. Ó kan pósí, ó gbé òkú sínú rẹ̀, ó so ó mọ́ ìta ilé iná. Ìjì tú pósí náà. Apá òkú jáde, afẹ́fẹ́ sì ń mì í bíi ti ẹni tó ń pe ènìyàn. Howell ń tan iná ní alaalẹ́. Àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá ń rí iná, ọkàn wọn balẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn aláṣẹ ti pinnu pé olùtọ́jú mẹ́ta ni kí ó máa wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ẹlẹ́rìí lè wà.

Eggers mú ìtàn yìí, ó yí i padà pátápátá. Nínú tirẹ̀, àwọn ọkùnrin náà ń mutí, wọ́n ń ya wèrè, wọ́n ń pa ara wọn. Ṣùgbọ́n ó gbé e kúrò ní Wales, ó gbé e kúrò ní 1801, ó sì fún àwọn ọkùnrin rẹ̀ ní orúkọ mìíràn. Thomas méjì ṣì ni wọ́n, ìyẹn náà ni àmì tó fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ìtàn. Howell àti Griffith wà ní àyè ara wọn.

Ẹ wá gbọ́ ti àwọn mẹ́ta.

Ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Skọ́tílándì, àwọn erékùṣù kan wà tí wọ́n ń pè ní Flannan. Ẹnikẹ́ni kì í gbé ibẹ̀. David Alan Stevenson ló ya àwòrán ilé iná tí wọ́n kọ́ sórí èyí tó tóbi jù níbẹ̀, Eilean Mòr, wọ́n sì tan án ní oṣù Kejìlá 1899. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 1900, ọkọ̀ kan kọjá lóru kò rí iná. Ìjì kò jẹ́ kí ọkọ̀ Hesperus tó ń gbé oúnjẹ àti olùtọ́jú pààrọ̀ tètè dé. Ọjọ́ 26 ló dé. Joseph Moore, tí í ṣe olùtọ́jú, ló kọ́kọ́ gun òkè lọ. Ẹnu ọ̀nà wà ní títì. Iná ààrò ti kú láti ọjọ́ mélòó kan. Agogo ti dúró. James Ducat, Thomas Marshall àti Donald McArthur kò sí níbẹ̀.

Robert Muirhead, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ wọn, tó mọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, wá ṣe ìwádìí. Mo ti máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé bí ẹ bá fẹ́ rí bí ènìyàn ṣe ń kọ ìròyìn, kí ẹ ka tirẹ̀, ti oṣù Kíní 1901. Kò fi ọ̀rọ̀ dárà. Ó ní àkọsílẹ̀ iṣẹ́ dé agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ 15, lórí síléètì. Ó ní wọ́n ti nu gíláàsì, wọ́n ti da epo sí àtùpà. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ àárọ̀ ti parí. Ó lọ sí ibi tí ọkọ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí ní ìhà ìwọ̀ oòrùn. Ó rí i pé òkun ti gbá àpótí okùn kan tó wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 110 sókè omi, okùn inú rẹ̀ ti fọ́n káàkiri, irin ti tẹ̀. Aṣọ òjò àti bàtà omi àwọn méjì kò sí nílé. Ti McArthur wà níbẹ̀, èyí tó fi hàn pé ó jáde láìwọ̀ ọ́. Ìpinnu Muirhead ni pé wọ́n lọ so okùn mọ́lẹ̀, ìgbì ńlá kan sì dé, ó gbá wọn lọ. Ducat àti McArthur ní ìyàwó àti ọmọ nílé.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Níbí, òtítọ́ ló kọ́kọ́ dé o, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, irọ́ ló wá ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní 1912 akéwì kan, Wilfrid Wilson Gibson, kọ ewì tó fi oúnjẹ tí wọn kò fọwọ́ kàn sórí tábìlì, tó sì fi àga tó ṣubú sílẹ̀. Moore kò rí oúnjẹ kankan lórí tábìlì. Ilé ìdáná wà ní mímọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ìròyìn olówó pọ́ọ́kú kan ní Amẹ́ríkà tẹ àkọsílẹ̀ ayédèrú kan jáde, pé àwọn ọkùnrin náà ń sunkún, wọ́n ń gbàdúrà. Bí àròbá ṣe ń di ìtàn nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìwádìí ìtàn àtẹnudẹ́nu mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó purọ́ tán. Oníkálukú kàn ń fi iyọ̀ díẹ̀ kún un.

Ní 2018 ni fíìmù The Vanishing dé, Kristoffer Nyholm ló darí rẹ̀. Wọn kò ya fíìmù náà ní Flannan. Erékùṣù tí ọkọ̀ kì í lè gúnlẹ̀ sí, ta ló máa kó kámẹ́rà àti òṣèré lọ síbẹ̀? Etíkun Galloway, ní gúúsù Skọ́tílándì, ni wọ́n lò, ilé iná Mull of Galloway sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n yà. Robert Stevenson ló kọ́ ọ, ní 1830. Bàbá bàbá David Alan Stevenson ni. Ìyẹn ni pé ilé tí bàbá àgbà kọ́ ló dúró fún ilé tí ọmọ-ọmọ kọ́. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn onífíìmù náà rò ó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní láti fi ilé kan rọ́pò òmíràn, ẹ wo bí wọ́n ṣe rí èyí tó jẹ́ ẹbí. Ojú mọ́ wọn fún ìyẹn.

Orúkọ ni mo bá wọn jà lé lórí. Nínú fíìmù náà, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan gbá dé erékùṣù pẹ̀lú ọkùnrin kan àti àpótí wúrà. Àwọn olùtọ́jú pa ènìyàn nítorí wúrà náà, àwọn mìíràn wá a wá, wọ́n tún pa wọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí ara wọn. James Ducat ni wọ́n pe Gerard Butler. Thomas Marshall ni wọ́n pe Peter Mullan. Donald McArthur ni wọ́n pe Connor Swindells. Orúkọ àwọn òkú, bí wọ́n ṣe wà nínú ìròyìn Muirhead. Àwọn ọkùnrin tó parí iṣẹ́ àárọ̀, tí wọ́n da epo sí àtùpà alẹ́, tí wọ́n lọ so okùn ìjọba mọ́lẹ̀ nínú ìjì, àwọn la wá rí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fún ènìyàn lọ́rùn.

Wọ́n á ní fíìmù ni, àròsọ ni. Mo gbà. Òṣèré wọn mọ iṣẹ́, àwòrán wọn sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí ẹnì kan bá ya fíìmù nípa bàbá bàbá yín, ó pè é lórúkọ, ó ní olè ni, apànìyàn ni, ṣé ọ̀rọ̀ àròsọ máa tó? Àwa tí a ń ki orílẹ̀ ara wa láàárọ̀, a mọ̀ pé orúkọ kì í bá òkú wọ ilẹ̀. Eggers mọ̀ ọ́n, ó pààrọ̀ orúkọ. Kò ná an ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá kọ́ ilé iná àfarawé lè tú u palẹ̀ nígbà tó bá parí. Irú àfarawé kejì yìí kò ṣeé tú.

Àwọn kan nínú yín á máa bi mí pé kí ló kan Yorùbá nínú gbogbo èyí. Ó kan wá, ní Salvador, ìpínlẹ̀ Bahia.

Lẹ́nu ọ̀nà Baía de Todos os Santos, odi ológun kan wà tí àwọn Potogí kọ́, Santo Antônio da Barra. Ní 1668 ọkọ̀ wọn kan, Santíssimo Sacramento, rì nítòsí ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 1698, ni wọ́n gbé iná sórí odi náà, ọ̀kan lára àwọn ilé iná tó pẹ́ jù ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Farol da Barra ni wọ́n ń pè é. Lóde òní kámẹ́rà kì í kúrò níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi Kànífá Salvador hàn lórí tẹlifíṣàn, ibẹ̀ ni ọkọ̀ akọrin ti máa ń gbéra lọ sí Ondina, ilé gogoro náà sì ń dúró lẹ́yìn wọn nínú àwòrán.

Gbogbo ọkọ̀ tó kó àwọn ènìyàn wa wọ èbúté Salvador, iwájú iná yẹn ló gbà. Àwọn tí ogun ìgbà tí Ọ̀yọ́ ń fọ́ kó, tí wọ́n tà ní Èkó, ní Ouidah, ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Nàgó lọ́hùn-ún. Iná kì í bi ọkọ̀ léèrè ohun tó kó. Ní 1831 òfin Bràsíìlì ti ní kí wọ́n má kó ẹrú wọlé mọ́, wọ́n ń kó wọn wọlé títí di 1850 àti lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Iwájú ibẹ̀ náà ni àwọn tó padà gbà jáde, àwọn tí wọ́n lé lẹ́yìn rògbòdìyàn Màlé ọdún 1835 àti àwọn tó fi owó ara wọn ra òmìnira, tí wọ́n wá di Àgùdà l'Ékòó. Ohun ìkẹyìn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn rí ní Bahia ni.

Nítorí náà mo fẹ́ kí ẹnì kan ya fíìmù níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wà nídìí iṣẹ́ sinimá báyìí, wọ́n mọ ara wọn. Inú odi náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ òkun láti 1998, àwọn nǹkan tí wọ́n kó jáde nínú ọkọ̀ Sacramento wà níbẹ̀, ẹ lè wọlé wò wọ́n. Ẹ kàn fi ọdún sọ́kàn. Ilé gogoro tó wà lórí odi náà nísinsìnyí, tó ga tó mítà 22, oṣù Kejìlá 1839 ni wọ́n ṣí i. Kò sí níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kíní 1835, nígbà tí àwọn Màlé dìde. Bí ẹ bá ń ya fíìmù alẹ́ yẹn, ẹ sọ kámẹ́rà kalẹ̀ díẹ̀, kó má kọjá orí odi. Odi ti wà níbẹ̀.